Èrìgì Tó Wú Lójú Kan: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Irú Èyí Tó Jẹ́ àti Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Lọ́jọ́ kan, èrìgì mi wú láàárín eyín méjì lápá òsì. Mo ra kápúsù apakòkòrò, mo lò ó fún ọjọ́ márùn-ún, ó rọlẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó tún fi yọ lójú ibẹ̀ gan-an, ó wá pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, ó fi irin tín-ín-rín kan wọ abẹ́ èrìgì náà, ó rọra fà á, irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan ṣoṣo ló bá a jáde. Kò gùn tó èékánná ọmọ ìka mi tó kéré jù. Ó fọ ibẹ̀ dáadáa, ó ní kí n máa lọ sílé, kò tilẹ̀ kọ oògùn kankan fún mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ibẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Gbogbo kápúsù tí mo gbé mì yẹn, irun búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbé e mì fún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fi èrìgì tó wú hàn mí pé kó má tíì béèrè oògùn. Kó kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nídìí rẹ̀. Bí èrìgì bá wú káàkiri ẹnu, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Èérí eyín ló sábà máa ń fà á, tàbí oògùn tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́, bíi phenytoin fún wárápá, nifedipine tàbí amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má tìtorí èyí dá oògùn yín dúró fúnra yín o, dókítà tó kọ ọ́ ni kí ẹ bá sọ ọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ ojú kan péré ló yọ gọngọ, ìdí rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí ibẹ̀.

Kí ẹ tó wo dígí: ṣé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni?

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ pa ìwé yìí tì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ì báà jẹ́ òru:

- ẹnu kò ṣeé là dáadáa mọ́, tàbí itọ́ kò ṣeé gbé mì;
- wíwú náà ti sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n tàbí sí ọrùn, tàbí ó ti gòkè dé ìpéǹpéjú;
- ohùn ti yí padà, ó dà bí ti ẹni tí òkèlè gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀;
- èémí ń le, tàbí èèyàn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí rẹ̀;
- ibà mú un, òtútù ń mú un gbọ̀n, ara rẹ̀ kò sì lókun.

Mi ò fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Kòkòrò tó bẹ̀rẹ̀ nídìí eyín ẹ̀yìn lápá ìsàlẹ̀ lè rìn lọ sábẹ́ ahọ́n, kí ibẹ̀ wú títí tí yóò fi ti ahọ́n sókè, tí yóò sì tì í sẹ́yìn, tí ọ̀nà èémí yóò wá dí. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1836, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Àárín wákàtí mélòó kan ni ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kan eyín rẹ̀

Bí kò bá sí ìkankan nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ yẹn, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ tan iná fóònù sí ẹnu. Ẹ fi ìka kan fa ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ibẹ̀ lè hàn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó jókòó sí. Ṣé ẹ̀gbẹ́ èrìgì gan-an ni, níbi tí ó ti kan eyín? Ṣé ìsàlẹ̀ ni, níbi tí gbòǹgbò eyín ti parí sí? Àbí àárín eyín méjì ló ti yọ jáde bí ahọ́n kékeré? Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: ó lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó lè rí bí àwọ̀ èrìgì tó kù, ó sì lè dúdú díẹ̀ bí ojú tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Ẹ wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá rọ̀, tó ń mì lábẹ́ ìka bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, ọyún ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó bá le díẹ̀ bí rọ́bà, tí kò sì dùn yín, ẹran ló hù. Èyí tó bá le bí egungun tó sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìdàgbà, egungun náà gan-an ni nígbà mìíràn. Àwọn kan ní kókó egungun lára párì tàbí ní àjà ẹnu, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo mọ ẹni tó ti lé lógójì ọdún kó tó fi ahọ́n kan tirẹ̀, ó wá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan dààmú lásán.

Ó ku eyín tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi ìdí ṣíbí kan orí rẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ kàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì kan eyín mìíràn kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ fi omi tútù sí i. Eyín tó bá dùn nígbà tí ẹ kàn án lórí, tí omi tútù kò sì ta á rárá nígbà tó ń ta àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kó ti kú sínú. Ẹ wò ó bóyá ó mì, bóyá ó dúdú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bóyá ihò wà lára rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i sílẹ̀, kí ẹ sì ya á ní fọ́tò. Ọjọ́ yẹn yóò wúlò fún dókítà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn tó ní ọyún

Àwọn wọ̀nyí ló wọ́pọ̀ jù, àwọn náà ló máa ń yára wá: lónìí ara dá, lọ́la ó ń sọ kì, kì, kì bí ọkàn. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì jọra lójú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò jọra rárá.

Èyí tó kéré jù ni eéwo ojú èrìgì, irú èyí tó ṣe mí. Nǹkan ló há síbẹ̀: egungun ẹja, èèpo gúgúrú, ṣóńṣó igi ìtayín tó kán, irun búrọ́ọ̀ṣì. Eyín fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Bí wọ́n bá ti yọ ohun tó há, tí wọ́n sì fọ ibẹ̀, ó parí nìyẹn.

Èkejì ni eéwo inú àpò èrìgì. Èrìgì tó dá ṣáṣá lẹ̀ mọ́ eyín, àlàfo tó wà láàárín wọn kì í ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Bí èérí bá pẹ́ níbẹ̀ tó sì di òkúta, èrìgì yóò máa já kúrò lára eyín, egungun tó gbé eyín ró yóò máa run, àpò jíjìn yóò sì wà níbẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Ọjọ́ tí ẹnu àpò náà bá dí, ọyún ti há sínú nìyẹn. Eyín yóò máa mì, yóò dùn ní pàtàkì bí ẹ bá kàn án láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n omi tútù ṣì máa ń ta á nítorí pé inú rẹ̀ kò kú. Ẹni tó ń ní irú eéwo yìí léraléra, lónìí níbí, lóṣù tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ tí kò sí ní ìkáwọ́ máa ń fara hàn báyìí, ẹnu sì ni àwọn kan ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ̀kẹta, eéwo ìdí gbòǹgbò eyín, ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Eyín jẹrà títí ó fi dé ẹran inú rẹ̀, tàbí èèyàn ṣubú lulẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn tí eyín iwájú sì kan ilẹ̀, ẹran inú rẹ̀ wá kú. Ọyún yóò gba ṣóńṣó gbòǹgbò jáde, yóò lu egungun, yóò sì yọ sí ojú èrìgì bí rorẹ́ kékeré. Kó tó lu egungun tán, ìrora náà kì í ṣe kékeré. Bó bá ti wá ojú ọ̀nà, ó tú, ìrora dá wáí, èèyàn rò pé òun ti gbádùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré náà yóò máa ṣí, yóò máa pa dé, omi iyọ̀-iyọ̀ tó ń rùn yóò máa sun sẹ́nu, oṣù yóò sì máa gorí oṣù. Egungun ń run lọ nísàlẹ̀ láìdùn.

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń wá eyín tó ṣẹ̀ náà. Dókítà mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kò nípọn ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, ó rọra tì í wọ inú ihò rorẹ́ náà títí ó fi kọ̀, ó sì ya X-ray bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán, ọ̀pá náà funfun kedere, ó tẹ̀ kọrọdọ, orí rẹ̀ sì lọ dúró sídìí gbòǹgbò eyín kejì, kì í ṣe èyí tí rorẹ́ náà jókòó sí. Ká ní wọ́n ti yọ èyí tó wà níwájú wọn ni, eyín aláìṣẹ̀ ni wọn ì bá yọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti eyín tó máa ń hù kẹ́yìn pátápátá, láàárín ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí kò bá ráyè hù tán, èrìgì yóò bo ìdajì rẹ̀ bí aṣọ, oúnjẹ yóò máa há sábẹ́ aṣọ náà, ibẹ̀ yóò wú, ẹnu yóò ṣòro láti là. Wọ́n á fọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá ń padà wá lemọ́lemọ́, wọ́n á yọ eyín náà.

Àwọn tí kò ní ọyún

Àwọn wọ̀nyí kì í kánjú. Ó lè pé oṣù mẹ́ta kí èèyàn tó fura sí wọn, nítorí wọn kì í sábà dunni. Ohun kékeré kan ló ń yọ èrìgì lẹ́nu níbẹ̀ lójoojúmọ́, òkúta ìdọ̀tí, etí ohun tí wọ́n fi dí eyín tí kò dán, wáyà eyín, eyín àtọwọ́dá tí kò bá ẹnu mu, ara wá ń gbìyànjú láti wo ojú ibẹ̀ sàn, ó sì ṣe é ní àṣejù.

Èyí tó pọ́n, tó rọ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án lásán, àwọn dókítà ń pè é ní pyogenic granuloma. Orúkọ yẹn ní ọyún nínú, nǹkan fúnra rẹ̀ kò ní. Àwọn aláboyún ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká fi àmì sí i dáadáa níbí kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀: ọyún ni ti eéwo, oyún ni ti ìyá. Láti bí oṣù kẹta oyún lọ, omi ìsúnniṣe inú ara a máa mú kí èrìgì fara ya sí èérí díẹ̀ tí kì bá ti rí rárá, kókó pupa yóò sì yọ láàárín eyín iwájú lókè. Ó ń bani lẹ́rù, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọmọ inú. Bí kò bá dí oúnjẹ lọ́wọ́, ìfọmọ́ nìkan ni wọ́n máa ń ṣe, wọ́n á sì dúró kí ìyá bímọ, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń sún kì lẹ́yìn ìbímọ. Bó bá di dandan láti gé e, oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló rọrùn jù.

Èyí tó le díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èrìgì, a máa wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan. Lára àwọn ọ̀dọ́langba, irú kan wà tó máa ń ní egungun kéékèèké nínú. Ìyẹn, bí wọ́n bá gé e lórí lásán láìdé ìdí, yóò hù padà ni: nínú 100 tí wọ́n gé, nǹkan bí 8 sí 20 ló ń padà wá. Èyí tó dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó dì, ó lè máa jẹ egungun abẹ́ rẹ̀. Bó bá sì ń padà wá, wọ́n á yẹ èròjà kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Ti eyín àtọwọ́dá kò ṣòro mọ̀: ẹran tó ṣẹ́po bí aṣọ, tó jókòó gẹ́lẹ́ síbi tí etí eyín náà ń gún. Ẹ gbé eyín náà lọ kí wọ́n rẹ́ etí rẹ̀. Ti ọmọdé tún rọrùn ju ìyẹn lọ: bí eyín bá fẹ́ hù, tí èrìgì orí rẹ̀ wú bí ìléròrò aláwọ̀ aró, ẹ fi í sílẹ̀, eyín náà ni yóò tú u.

Èyí tí mi ò ní fi ṣeré rárá ni jẹjẹrẹ èrìgì. Ó máa ń fi ara jọ èrìgì tó ń ṣàìsàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fura sí kókó tó ní egbò lójú tí kò jinná, tí etí rẹ̀ le, tó funfun tó tún pọ́n pọ̀. Eyín tó ṣàdédé ń mì láàárín ẹnu tó mọ́. Ètè ìsàlẹ̀ tó kú tipiri. Ojú ibi tí wọ́n ti yọ eyín tó kọ̀ tí kò dí. Tábà àti ọtí ló ń kó èèyàn sí i jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ẹni tí kò fẹnu kan ìkankan. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìrọlẹ̀, ì báà dùn, ì báà má dùn, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé kí ilẹ̀ tó mọ́

Ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan. Ẹ mu ún sẹ́nu, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ nù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ẹ má fi fífọ eyín sílẹ̀ nítorí pé ó ń dùn; búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi okùn ìfọyín yọ ohun tó bá há. Bí ohun tó há náà kò bá tètè jáde, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má walẹ̀.

Fún ìrora, àgbàlagbà lè lo parasítámọ́ọ̀lù onímìlígíráàmù 500, méjì lẹ́ẹ̀kan, kó tó wákàtí mẹ́fà kó tó tún lò ó, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée, kó yẹra fún ibuprofen àyàfi bí dókítà bá ní kó lò ó.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ má fún un. Ẹ má fi nǹkan gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ níta, yóò kàn mú kó tàn sí i ni. Ẹ má sì gbé aspirin lé èrìgì: oògùn yẹn á jó ibẹ̀ funfun, ẹ ó wá ní ìṣòro méjì.

Ní ti kápúsù, bí kò bá sí ibà, tí wíwú náà kò sì tàn, ọ̀pọ̀ eéwo kò nílò rẹ̀ bí wọ́n bá ti tú ọyún jáde. Ọyún tó há kì í jẹ́ kí oògùn ráyè wọlé. Ẹni tó ń gbé kápúsù mì tí eyín tó kú ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Bí dókítà bá kọ ọ́, ẹ lò ó bó ṣe ní kí ẹ lò ó. Bí metronidazole bá wà nínú rẹ̀, ẹ jìnnà sí ọtí. Aláboyún àti ọmọdé kò gbọ́dọ̀ lo tetracycline, ó ń sọ eyín ọmọ di aláwọ̀ ìyeyè.

Lọ́dọ̀ dókítà eyín

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ẹ sọ bí ẹ bá lóyún, ẹ sọ bí ẹ̀jẹ̀ yín bá máa ń pẹ́ kó tó dá. Yóò fi irin tó ní àmì mìlímítà wọn jíjìn àpò yí eyín kọ̀ọ̀kan ká, yóò kan eyín, yóò fi nǹkan tútù sí i, yóò ya X-ray. Bó bá kàn sọ pé òun fẹ́ yọ eyín láìṣe ìkankan nínú wọn, ẹ rọra béèrè ìdí.

Bí ó bá jẹ́ eéwo, yóò là á tàbí kó gba inú àpò tú u, yóò fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ojú ibẹ̀ kú tipiri kì í ràn dáadáa níbi tí ọyún bá wà, nítorí náà bí ẹ bá ń gbọ́ ìrora, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ má fara dà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an: ti àpò èrìgì, wọ́n á ha òkúta ìdọ̀tí kúrò títí dé gbòǹgbò, ti eyín tó kú, wọ́n á tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá lọ, torí ìrora ti dá lọ́jọ́ tí wọ́n là á. Ẹ padà lọ.

Bó bá jẹ́ kókó ẹran, wọ́n á gé e tìdí-tìdí, wọ́n á sì mú ohun tó ń yọ èrìgì lẹ́nu kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún hù. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí ẹran tí wọ́n gé náà. Inú ìgò kékeré tó ní oògùn ló yẹ kó wọ̀, kí orúkọ yín wà lára rẹ̀, kó sì lọ sí ibi àyẹ̀wò, bó ti wù kó rí bí ohun tí kò léwu tó. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì rẹ̀ yóò jáde, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ sì lọ gbà á bí ojú ibẹ̀ tilẹ̀ ti jinná.